Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Àlàyé lórí QCA fún Ẹni Tó Ń Ṣe Ìwádìí nípa Àwùjọ

Bí ẹ bá bi àwọn Yorùbá tó ń gbé Kubwa tàbí Nyanya ní Àbújá pé kí ló ń mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan pẹ́, tí òmíràn fi ń tú ká kí ọdún méjì tó pé, èsì wọn kò ní jọra. Ẹnì kan á ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó nídìí owó oṣù, kó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ló ń pẹ́. Ẹlòmíràn á ní rárá o, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú kan náà tí wọ́n mọ agbo ilé ara wọn ló ń dúró. Ẹni kẹta á ní asán ni gbogbo ìyẹn bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò. Kálukú wọn ní àpẹẹrẹ tó fi ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, kálukú sì mọ ẹgbẹ́ kan tó fi lè já ọ̀rọ̀ ẹnì kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé irú ìbéèrè yìí lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì yóò tètè rí i pé ọ̀rọ̀ náà há. Ká ní ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ló ní lọ́wọ́. Bó bá ní ìṣirò ni òun fẹ́ fi ṣe é, wọ́n á ní ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún kéré jù. Bó bá ní òun fẹ́ sọ ìtàn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní ìtàn mẹ́rìndínlógún ti pọ̀ jù, ta ni yóò kà á tán tí yóò fi rí ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀? Àárín méjèèjì yìí gan-an ni ọ̀nà ìwádìí tí mo fẹ́ ṣàlàyé ti wúlò jù. Qualitative Comparative Analysis ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, QCA ni ìkékúrú rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìbéèrè tó dára, tí àpẹẹrẹ ọwọ́ wọn sì pọ̀ tó, tí wọ́n sá fún un nítorí orúkọ yẹn àti àwọn àmì ìṣirò tó kún inú ìwé tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Ó ń dùn mí, torí pé ẹni tó bá ti lè sọ pé "èyí àti ìyẹn", "èyí tàbí ìyẹn", "kì í ṣe èyí", ti ní ohun èlò tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́wọ́.

Charles Ragin, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1987. Kì í ṣe inú òfìfo ló ti mú un. John Stuart Mill, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ ní 1843 pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fa nǹkan, kó kó àwọn ibi tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ jọ, kó wo ohun tí gbogbo wọn jọ ní, lẹ́yìn náà kó wo ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ibi tí kò ti ṣẹlẹ̀. George Boole, onímọ̀ ìṣirò, nínú ìwé méjì tó kọ ní 1847 àti 1854, sọ "àti", "tàbí" àti "kì í ṣe" di ìṣirò. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, Quine, onímọ̀ ọgbọ́n orí, àti McCluskey, ẹlẹ́rọ, la ọ̀nà kan sílẹ̀ tí èèyàn lè fi gé ìṣirò Boole tó gùn kúrú, àwọn ẹlẹ́rọ sì ń lò ó láti dín iye súìṣì tó wà lójú ọ̀nà iná kù. Ọ̀nà àwọn ẹlẹ́rọ yìí ni Ragin mú, tó fi ń wá ìdí ọ̀ràn láàrin èèyàn.

Ìwádìí oníṣirò tí a mọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ máa ń béèrè pé: nínú ohun mẹ́ta yìí, èwo ló lágbára jù bí a bá mú àwọn yòókù dúró lójú kan? QCA kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé: àwọn ohun wo ló ní láti pàdé kí ẹgbẹ́ tó dúró? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, QCA sì gbà bẹ́ẹ̀: ohun kan ṣoṣo kì í sábà dá iṣẹ́ ṣe, ohun tó wúlò níbì kan sì lè máà wúlò rárá níbòmíràn nítorí pé alábàárìn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó tún gbà pé ọ̀nà kan kò wọjà. Ẹgbẹ́ méjì lè dúró fún ìdí tó yàtọ̀ síra, kí ìdí ọ̀kan má sì sọ ìdí èkejì di irọ́. Àwọn mẹ́ta tó ń jiyàn ní Kubwa yẹn lè jẹ́ pé ibi tí kálukú wọn dúró sí ló yàtọ̀.

Ohun kẹta tó gbà ló máa ń ya àwọn tó ti mọ ìṣirò dáadáa lẹ́nu jù. Kò pọn dandan kí ìdí tí nǹkan fi yọrí sí rere jẹ́ òdìkejì ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti wádìí ohun tó mú ẹgbẹ́ dúró tán, ẹ ní láti tún ìwádìí ohun tó ń tú ẹgbẹ́ ká ṣe lọ́tọ̀. A ó rí i láìpẹ́.

Àtẹ òtítọ́

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èmi ni mo hun àpẹẹrẹ yìí fún àlàyé. Kò sí ẹni tó ṣe ìwádìí rẹ̀, iye inú rẹ̀ kò sì ṣe é kọ sínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mẹ́rìndínlógún ni a ní, tí Yorùbá dá sílẹ̀ ní Kubwa, Nyanya, Lugbe àti Gwagwalada. Àbájáde tí à ń wá ìdí rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó ṣì máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó. A mú ohun mẹ́ta tí àwọn èèyàn fẹnu ara wọn sọ. Èkíní, ṣé orísun ni wọ́n ti ń yọ owó, bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí owó ẹgbẹ́ wọn ń kúrò láti orí IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, kí owó oṣù tó wọ báńkì? Ẹ jẹ́ ká pè é ní "orísun". Èkejì, ṣé àwọn tó ju ìdajì lọ nínú ọmọ ẹgbẹ́ ti mọ ara wọn kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yálà wọ́n jẹ́ ará ìlú kan náà, tàbí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà? "Ìmọ̀ra" nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ń yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún? "Àyẹ̀wò" nìyẹn. Níbi tí ohun kan bá wà a kọ 1, níbi tí kò bá sí a kọ 0.

Ohun mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wà tàbí kó máà sí yóò fún wa ní oríṣi ẹgbẹ́ mẹ́jọ, kò lè jù bẹ́ẹ̀, kò sì lè dín. A ó to oríṣi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀, a ó sì fi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀. Àtẹ òtítọ́ ni mo ń pe ohun tó jáde:

| Orísun | Ìmọ̀ra | Àyẹ̀wò | Iye ẹgbẹ́ | Iye tó dúró |
|---|---|---|---|---|
| 1 | 1 | 1 | 2 | 2 |
| 1 | 0 | 1 | 3 | 3 |
| 0 | 1 | 1 | 3 | 3 |
| 1 | 1 | 0 | 2 | 1 |
| 1 | 0 | 0 | 2 | 0 |
| 0 | 1 | 0 | 2 | 0 |
| 0 | 0 | 0 | 2 | 0 |
| 0 | 0 | 1 | 0 | – |

Lójú tèmi, àtẹ yìí ni QCA. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e rọrùn, kọ̀ǹpútà sì lè ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ gidi wà nínú kí àtẹ yìí jẹ́ òótọ́, ìlà méjì ló sì ń dán òótọ́ ẹni wò níbẹ̀: ìlà kẹrin àti ìlà tó gbẹ̀yìn.

Ìlà tó ń ta ko ara rẹ̀

Ẹ wo ìlà kẹrin. Ẹgbẹ́ méjì tó jọra nínú gbogbo ohun tí a béèrè, ọ̀kan dúró, ọ̀kan tú. Bí a bá ń ṣe ìṣirò àtijọ́, a ó ní àṣìṣe kékeré ni, a ó sì kọjá lọ. QCA kò gbà kí ẹ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìlà tó bá ta ko ara rẹ̀ ń sọ fún yín pé ohun kan wà láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì tí ẹ kò tíì rí, ohun tó sì yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ padà lọ bá wọn.

Ká ní a padà lọ, a sì bá akọ̀wé ẹgbẹ́ tó dúró sọ̀rọ̀. Ó ní lóòótọ́ wọn kì í gba ọ́dítọ̀ kankan, ìdí nìyẹn tí a fi kọ 0 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní báńkì fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń gba ìwé owó lọ sílé ní gbogbo oṣù Kejìlá, á tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, á sì ka ohun tó rí sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn ní ìpàdé oṣù Kìíní. Kò sí nínú ìgbìmọ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa àyẹ̀wò ti ń ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ́ yìí, ìbéèrè wa ni kò dé ibẹ̀.

A lè wá sọ 0 yẹn di 1. Àmọ́ ibí yìí ni ìwà ọmọlúàbí ti ṣe pàtàkì ju ìmọ̀ lọ. Bí a bá tún ìbéèrè àyẹ̀wò ṣe nítorí ẹgbẹ́ kan, a ní láti gbé ìbéèrè tuntun náà lọ bá àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, pàápàá àwọn tó tú. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn tó tú ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá tún ti ẹgbẹ́ tó ń dà á láàmú nìkan ṣe, kò ṣe ìwádìí mọ́, ó ń gé ẹsẹ̀ kí bàtà lè gbà á. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín pé ẹ tún un ṣe, àti ìdí rẹ̀.

Ká ní a ti béèrè yíká, tí a kò sì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Ẹgbẹ́ yẹn yóò kúrò ní ìlà kẹrin bọ́ sí ìlà kìíní. Ìlà kìíní di ẹgbẹ́ mẹ́ta, gbogbo wọn dúró. Ìlà kẹrin ku ẹgbẹ́ kan, ó sì tú. Àtẹ ti mọ́. Ẹgbẹ́ 9 ló dúró, 7 ló tú.

Bí a ṣe ń gé e kúrú

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ ti dúró. Ẹ fi ìlà kìíní wé ìkejì. Orísun wà nínú méjèèjì, àyẹ̀wò wà nínú méjèèjì, àbájáde wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìmọ̀ra nìkan ló yàtọ̀: ó wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì. A jẹ́ pé níbi tí orísun àti àyẹ̀wò bá ti pàdé, ìmọ̀ra wà ni o, kò sí ni o, ẹgbẹ́ á dúró. A lè yọ ìmọ̀ra kúrò. Ẹ tún fi ìlà kìíní wé ìkẹta lọ́nà kan náà, orísun ni yóò bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kù nìyí: orísun pẹ̀lú àyẹ̀wò, tàbí ìmọ̀ra pẹ̀lú àyẹ̀wò. Ọ̀nà méjì wọ ọjà, àyẹ̀wò sì wà lójú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à bá rí ká ní a wo orísun nìkan. Nínú ẹgbẹ́ 9 tó ń yọ owó láti orísun, 6 ló dúró. Nínú 7 tí kì í yọ ọ́, 3 ló dúró. Èèyàn á ní ó dára díẹ̀, kò sì burú díẹ̀, á sì gbé ìwé pa. Bẹ́ẹ̀, orísun ṣe gudugudu méje níbi tí àyẹ̀wò wà, kò sì gba ẹgbẹ́ kankan là níbi tí kò sí. Ìyàtọ̀ ńlá yẹn ti pa mọ́ sábẹ́ ìṣirò "mélòó nínú mélòó".

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn oníwádìí máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn níbí. Ohun kan lè jẹ́ kòṣeémánìí, ohun kan sì lè tó láti mú àbájáde wá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọbẹ̀ tó bá dùn, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ iyọ̀ nìkan kò lè mú ọbẹ̀ dùn. Nínú àpẹẹrẹ wa, gbogbo ẹgbẹ́ 9 tó dúró ló ní àyẹ̀wò, nítorí náà àyẹ̀wò jẹ́ kòṣeémánìí. Orísun àti àyẹ̀wò lápapọ̀ tó, torí pé kò sí ẹgbẹ́ tó ní méjèèjì tó tú. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe kòṣeémánìí gẹ́gẹ́ bí ìdìpọ̀ kan, torí pé ẹgbẹ́ mẹ́ta dúró láìní orísun rárá. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé jù ni pé kí ẹ yẹ ohun kòṣeémánìí wò lọ́tọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àtẹ kúrú.

Ìlà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀

Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú àtẹ ṣófo. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún, kò sí èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ara wọn rí, tí kì í yọ owó láti orísun, tó wá ń ṣe àyẹ̀wò. Kò yani lẹ́nu, torí pé ilé ayé kò pín ara rẹ̀ déédé fún oníwádìí. Àwọn tí kò mọra, tí owó wọn sì wà lọ́wọ́ kálukú, ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rántí ọ́dítọ̀.

Kọ̀ǹpútà máa ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ìlà òfìfo ṣe, ìdáhùn mẹ́ta ló sì wà. Ẹ lè ní ohun tí ẹ kò rí, ẹ kò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àbájáde tí mo kọ sókè ni ẹ ó gbà: orísun pẹ̀lú àyẹ̀wò, tàbí ìmọ̀ra pẹ̀lú àyẹ̀wò. Ìdáhùn kejì ni kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa mú ìlà òfìfo bó ṣe wù ú, tí yóò bá ti mú àbájáde kúrú. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: bó bá ti ka ìlà òfìfo yẹn sí ẹgbẹ́ tó dúró, gbogbo ìlà tí àyẹ̀wò wà ti di ìlà tó dúró, orísun àti ìmọ̀ra á sì bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Àbájáde yóò ní: àyẹ̀wò nìkan ti tó.

Gbólóhùn yẹn dùn-ún gbọ́, ó kúrú, ó sì rọrùn láti sọ fún ìjọba pé kí wọ́n fi ọ́dítọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n orí ẹgbẹ́ tí kò sí ló dúró lé. Kò sí èèyàn kan nínú ìwádìí wa tó gbé irú ìgbésí ayé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé èyí ló léwu jù nínú gbogbo ọ̀nà yìí, torí pé àbájáde tó kúrú jù lójú ìwé lè jẹ́ èyí tó kún fún ìméfò jù.

Ìdáhùn kẹta wà láàrin méjèèjì. Kí ẹ wo ìlà òfìfo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé pẹ̀lú ohun tí a ti mọ̀ nípa ẹgbẹ́, ṣé ó bọ́gbọ́n mu ká rò pé irú èyí yóò dúró? A ti mọ̀ pé ìmọ̀ra ń ranni lọ́wọ́, orísun náà sì ń ranni lọ́wọ́. Láti sọ pé ẹgbẹ́ tí kò ní ìkankan nínú méjèèjì yóò dúró, a nílò ẹ̀rí tó ju ìfẹ́ inú lọ. Nítorí náà a ó kọ̀ láti lò ó, àbájáde wa yóò sì dúró bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ oníwádìí ló fara mọ́ ìdáhùn kẹta yìí, èmi náà sì fara mọ́ ọn, bí wọ́n bá kọ ìlà tí wọ́n lò àti ìdí tí wọ́n fi lò ó sílẹ̀ kedere.

Ẹ wá jẹ́ ká yí ìbéèrè padà: kí ló tú ẹgbẹ́ méje yòókù ká? Ìlà mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ti tú, kò sì sí àyẹ̀wò nínú ìkankan wọn, báyòówù kí orísun àti ìmọ̀ra rí. Bí a bá gé e kúrú, ohun kan ṣoṣo ló kù: àìsí àyẹ̀wò. Ohun kan péré tó láti tú ẹgbẹ́, ohun méjì ló sì ní láti pàdé kí ẹgbẹ́ tó dúró. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, pé àbájáde rere àti àbájáde burúkú kì í ṣe ojú méjì owó kan náà. Ìkìlọ̀ kan: ìlà òfìfo tí ẹ bá ti lò gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó dúró, ẹ kò gbọ́dọ̀ tún lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó tú nígbà tí ẹ bá dé ibí.

Nígbà tí 1 àti 0 kò bá tó

Ẹni tó mọ ẹgbẹ́ yóò ti máa bínú sí mi láti ẹ̀ẹ̀kan pé ìmọ̀ra kì í ṣe ohun tó wà tàbí tí kò sí. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ láti àdúgbò kan náà, àti ẹgbẹ́ tí àwọn tó mọra nínú rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì lọ, kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ 1 kan náà ni a fún wọn. Ragin gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ní 2000 ó gbé ìwé mìíràn jáde tó fi fuzzy set, èrò ìṣirò tí Lotfi Zadeh gbé kalẹ̀ ní 1965, sínú QCA. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ lè wà nínú ohun kan dé ìwọ̀n: 1 fún èyí tó wà níbẹ̀ pátápátá, 0.67 fún èyí tó súnmọ́ ọn, 0.33 fún èyí tó jìnnà díẹ̀, 0 fún èyí tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ìwọ̀n 0.5 nìkan ni kí ẹ sá fún, torí ẹgbẹ́ tó bá gba 0.5 kò ní ìlà kankan tó máa wọ̀ nínú àtẹ.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. "Àti" ń mú èyí tó kéré: bí ìmọ̀ra bá jẹ́ 0.67, tí àyẹ̀wò jẹ́ 0.33, ìmọ̀ra pẹ̀lú àyẹ̀wò jẹ́ 0.33. "Tàbí" ń mú èyí tó pọ̀. "Kì í ṣe" ń yọ ọ́ nínú 1.

Ibi tí wàhálà wà ni bí a ṣe ń pín ìwọ̀n. Àwọn kan máa ń ro iye gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀, wọ́n á pín in, wọ́n á sì fi ohun tó jáde ṣe ààlà láàrin "wà" àti "kò sí". Kò tọ́. Bí gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ rí bá jẹ́ àwọn tí kò mọra, ẹni tó kéré díẹ̀ nínú àìmọra yóò wá dà bí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Inú ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ nípa ẹgbẹ́ ló yẹ kí ààlà ti wá: ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ibi tí èèyàn ti ń lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnì kejì tó fẹ́ yá owó. Ibẹ̀ ni ààlà yín.

Nọ́mbà méjì ni ẹ ó máa rí nínú gbogbo iṣẹ́ QCA. Èkíní ń sọ bí ọ̀nà kan ṣe ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ tó: nínú àwọn tó ní orísun pẹ̀lú àyẹ̀wò, mélòó ló dúró? Nínú àpẹẹrẹ wa, 6 nínú 6, ìyẹn 1. Èkejì ń sọ ibi tí ọ̀nà náà kárí dé: nínú gbogbo ẹgbẹ́ 9 tó dúró, mélòó ló gba ọ̀nà yẹn? 6, ìyẹn 0.67. Ọ̀nà kejì náà kárí 6. Ẹgbẹ́ mẹ́ta wà lójú ọ̀nà méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ju 9 lọ lápapọ̀. Bó bá jẹ́ fuzzy set, ẹ ó mú èyí tó kéré láàrin ìwọ̀n ọ̀nà àti ìwọ̀n àbájáde fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó ro wọ́n pọ̀, ẹ ó sì fi àpapọ̀ ìwọ̀n ọ̀nà pín in. Ká ní ẹgbẹ́ mẹ́ta ni: ìwọ̀n ọ̀nà wọn jẹ́ 0.67, 0.33 àti 1. Ìwọ̀n àbájáde wọn jẹ́ 1, 0.67 àti 0.67. Àwọn tó kéré ni 0.67, 0.33 àti 0.67, àpapọ̀ wọn 1.67. Àpapọ̀ ìwọ̀n ọ̀nà jẹ́ 2. Ẹ pín in, ẹ ó rí 0.835.

Ní ti nọ́mbà èkíní, àwọn oníwádìí kì í sábà gba ìlà tó bá wà nísàlẹ̀ 0.75, ọ̀pọ̀ sì ń béèrè 0.8. Fún ohun kòṣeémánìí, 0.9 ni wọ́n ń fẹ́. Àṣà ni nọ́mbà wọ̀nyí. Kò sí ohun tó sọ 0.79 di irọ́, tó sọ 0.8 di òótọ́, nítorí náà ẹ yí ààlà náà díẹ̀, kí ẹ wò bóyá àbájáde yín yóò wó.

Ohun tí kò lè ṣe

Bí ẹ bá ti ń fi ohun kan kún un, ìlà ń di ìlọ́po méjì. Ohun mẹ́rin, ìlà 16, márùn-ún, 32, méje, 128. Ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún tí ẹ fọ́n sórí ìlà 128 yóò fi ó kéré tán ìlà 112 sílẹ̀ lófìfo, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní ìlà tirẹ̀, kò ní sí ìtakora kankan, àbájáde á sì dán bíi gíláàsì. Kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló tó fún iye ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, yíyàn wọn sì gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà ní Àbújá, láti Abaji dé Bwari, kò tó láti kún àtẹ ìlà mẹ́jọ. Ẹ fi ìtàn kọ̀ọ̀kan wọn ṣe é. Ìpínlẹ̀ 19 tó wà ní Àríwá bá QCA mu rẹ́gí, bí ẹ bá fún ohun tí ẹ ń béèrè mọ́ra.

Àtẹ kò sì mọ ọjọ́. Ó lè sọ fún yín pé àyẹ̀wò àti ìdúró jọ wà, kò lè sọ èyí tó ṣáájú. Bóyá ẹgbẹ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló ń rówó sanwó ọ́dítọ̀, tí kì í ṣe pé ọ́dítọ̀ ló mú un dúró. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan ló lè yanjú ìyẹn: ẹ wo ọdún tí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ọdún tí ìjà owó àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Sọ́fítíwia fs/QCA tí Ragin àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe kò gba kọ́bọ̀. Àwọn tó mọ R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, lè lo èyí tí Adrian Dușa ṣe, òun náà ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ fọwọ́ kọ àtẹ àkọ́kọ́ sórí ìwé, kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó wà, kì í ṣe iye wọn nìkan.

Orúkọ wọ̀nyẹn ni yóò sọ ibi tí ẹ ó tún padà lọ. Ẹ mú ẹgbẹ́ kan tó gba ọ̀nà orísun nìkan, kí ẹ mú ọ̀kan tó gba ọ̀nà ìmọ̀ra nìkan, kí ẹ jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi lè sọ bí àyẹ̀wò ṣe ń bá alábàárìn rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà tó ní ohun gbogbo tó sì tú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó wọn ní ohun tí àwọn ìbéèrè yín kò tíì kàn.